Kí A Tó Sanwó Mọ́tò, Ẹ Jẹ́ Ká Wo Bẹ́líìtì

(Ohùn mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí dátà yín kò gbé ohùn gígùn, àti ẹ̀yin tí ariwo ọjà kò jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Bó ṣe sọ ọ́ la ṣe kọ ọ́.)

OHÙN KÌÍNÍ

Alága ní kí n bá wa sọ̀rọ̀ lórí mọ́tò tí a máa gbà lọ sílé lóṣù Kejìlá, torí wọ́n ní èmi tí mò ń ta páàtì ni mo mọ inú mọ́tò. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ni mo fẹ́ sọ. Bẹ́líìtì ni, ìgbànú tó wà lára síìtì. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ẹ rántí ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé nípàdé. Mọ́tò méjì ni wọ́n mú wá fún wa, HiAce ni méjèèjì, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Hummer. Èkíní ń kó èèyàn 18: méjì níwájú, lẹ́yìn náà mẹ́rin mẹ́rin lórí síìtì mẹ́rin. Kò sí bẹ́líìtì kankan lẹ́yìn. Èkejì ń kó 14: méjì níwájú, mẹ́ta mẹ́ta lẹ́yìn, bẹ́líìtì sì wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo ti lọ wò ó fúnra mi, mo sì fà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó tirẹ̀ ló le. Púpọ̀ nínú wa ló ti ní ká mú èyí tó pọ́ọ́kú. Ọjọ́ Àìkú la máa fẹnu ọ̀rọ̀ jóná. Kó tó dìgbà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi.

Ẹ wo ọ̀nà tí a máa gbà ná. Jos yìí wà lórí òkè, ó fi ẹgbẹ̀rún kan mítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju etí òkun lọ, ìdí nìyẹn tí òtútù fi ń gbá wa létí. Ẹni tó bá ń lọ sílé, ó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ó kọjá Bukuru, ẹ ó kọjá Riyom, ẹ ó wá kan Hawan Kibo. Hawa lédè Hausa, gígun òkè ni. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń dorí kọ Akwanga, sísọ̀kalẹ̀ ni tiwa, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Bíréèkì ò ju irin àti páàdì tí ń fi ara họ ara wọn lọ. Bí dírẹ́bà bá ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó máa gbóná, òróró bíréèkì á hó, ẹsẹ̀ dírẹ́bà á wọlẹ̀ bí ẹni tẹ ẹrẹ̀, mọ́tò ò ní dúró. Dírẹ́bà tó mọṣẹ́ á ti kó gíà sí kejì tàbí ẹ̀kẹta láti òkè, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa fa mọ́tò sẹ́yìn. Èyí tó fẹ́ ṣọ́ epo, ńṣe ló máa yọ gíà kúrò pátápátá, á jẹ́ kó máa yí lọ. Mo ń ta páàdì fún wọn, mo mọ ẹni tó ń béèrè ojúlówó, mo sì mọ ẹni tó ń sọ pé kí n fún òun ní èyíkéyìí tó bá ṣáà ti wọlé.

Ẹ̀yin èrò ò lè bá a wa mọ́tò náà. Ẹ ò lè bá a tẹ bíréèkì. Ohun tó kù lọ́wọ́ yín ò pọ̀: irú mọ́tò tẹ́ ẹ wọ̀, àti ohun tó di ara yín mú nínú rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Bí mọ́tò bá ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó jẹ́ẹ́ tẹ́ ẹ ń jẹ búrẹ́dì, ẹ̀yin náà ń sá 80. Bí mọ́tò bá forí gbá nǹkan, mọ́tò ló dúró, ẹ̀yin ò tíì dúró. Ẹ ó máa lọ ní 80 náà títí ohun kan á fi dá yín dúró: irin síìtì iwájú, gíláàsì, tàbí ẹ̀yìn orí ẹni tó jókòó níwájú yín. Ìṣirò rẹ̀ kò le, ọmọ tó ń kọ́ físíìsì ní sẹ́kọ́ńdìrì lè bá yín ṣe é. Ìkọlù ní 50 dà bí ìgbà tí èèyàn já bọ́ láti ibi tó ga ní mítà 10. Ní 80, ó di mítà 25. Ilé alájà mẹ́jọ nìyẹn. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa máa gun ilé alájà mẹ́jọ kó fò sílẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ ṣẹ́ owó mọ́tò kù.

Ohun tí bẹ́líìtì ń ṣe kò ju pé ó ń jẹ́ kí ẹ dúró pẹ̀lú mọ́tò, díẹ̀díẹ̀, bí iwájú mọ́tò ṣe ń rún wọlé. Egungun ìdí àti egungun àyà, tó lágbára, ló ń gba ìfà náà, dípò orí àti ọrùn. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ó lè dín ewu ikú kù títí dé ìdajì. Ìdajì o. Nínú òwò, ta ni máa rí ohun tó máa gé àdánù rẹ̀ sí ìdajì tí kò ní rà á?

Ẹ gbọ́ ìtàn kan tó máa wu ẹ̀yin oníṣòwò. Bẹ́líìtì tó gba orí èjìká kọjá sí ìbàdí, tí a ń rí lónìí, Nils Bohlin ló ṣe é lọ́dún 1959. Ẹnjiníà ni lọ́dọ̀ Volvo ní ilẹ̀ Sweden. Volvo gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀, wọn ì bá ti máa gbowó lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń ṣe mọ́tò láyé. Wọn ò gbà á. Wọ́n ní kí gbogbo ilé iṣẹ́ yòókù máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Oníṣòwò ni wọ́n bíi tiwa, àwọn tí wọ́n jọ ń du oníbàárà ni wọ́n fún. Èmi ò mọ̀ bóyá mo lè ṣe irú rẹ̀.

Lọ́dọ̀ tiwa, Yorùbá ni ọ̀rọ̀ ojú pópó yìí kọ́kọ́ dùn jù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká wà ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ sì ń pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ bí ẹni ń pa adìyẹ. Ariwo tó pa ló jẹ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ lọ́dún 1977. Lọ́dún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀, òun náà sì ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Torí náà, ẹni tó bá sọ pé nǹkan òyìnbó ni ọ̀rọ̀ yìí, ẹ sọ fún un pé ọmọ Yorùbá ló gbé e dé ibi tó dé.

OHÙN KEJÌ

Ó gé mi. Ẹ máa bínú, mo ti kọjá ìṣẹ́jú tí wọ́n fún mi, ṣùgbọ́n Alága ní kí n máa bá a lọ.

Ẹnì kan ti kọ̀wé sí mi báyìí pé ẹni tó jókòó níwájú nìkan ni bẹ́líìtì wà fún. Ẹ jẹ́ ká mú un wò. Lóṣù Kẹta ọdún 2016, mínísítà kan wà nínú ìjọba àpapọ̀, James Ocholi, agbẹjọ́rò àgbà ni. Ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá ni jàm̀bá mọ́tò ti pa á, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin rẹ̀. Jíìpù olówó ńlá ni o, kì í ṣe Hummer. Nínú ìwádìí tí FRSC kọ́kọ́ gbé jáde, wọ́n ní táyà bẹ́, eré sì wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ní àwọn tó jókòó sẹ́yìn ò de bẹ́líìtì. Àwọn tó wà níwájú tó dè é là á já. Ẹ̀yìn ni àwọn tó kú wà. Owó ò sí lára ohun tó wọ́n wọn, bẹ́líìtì náà kò wọ́n wọn, ó wà níbẹ̀ lára síìtì.

Ẹ̀yìn tiẹ̀ tún le nínú Hummer. Bí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí síìtì kejì bá di ara yín, tí àwọn tó wà lórí síìtì kẹta ò di tiwọn, àwọn ni wọ́n máa fi ara wọn lu yín pa. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí oníkálukú ṣe tirẹ̀. Bí mo bá bá yín jókòó, bẹ́líìtì tẹ́ ẹ kọ̀ láti dè, ọrùn èmi ló wà fún.

Mo mọ gbogbo ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn bí mo ṣe rántí wọn.

Àwọn kan ní Ọlọ́run ló ń ṣọ́ni. Àmín. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ló ń ti ṣọ́ọ̀bù pa lálẹ́, tí a sì ń fi páádì méjì sí i. Ẹni tó gbàdúrà tán tó tún ti ilẹ̀kùn, kò ṣàìgbàgbọ́.

Àwọn kan ní bí mọ́tò bá gbaná, bẹ́líìtì á dè wọ́n mọ́lẹ̀. Jàm̀bá tí iná ń wọ̀ kò tó nǹkan lára gbogbo jàm̀bá tó ń ṣẹlẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ta ni máa jáde nínú iná, ẹni tí orí rẹ̀ fọ́ tó ti dákú, àbí ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì là? Bákan náà ni ti omi.

Èyí tó le níbẹ̀ ni ti àwọn ajínigbé. Mi ò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́, a mọ ohun tí ojú ti rí ní Plateau yìí, a sì mọ àwọn ojú ọ̀nà tí ẹ̀rù ń bà wá. Ìyá kan sọ fún mi pé, “Ọmọ mi, mi ò fẹ́ kí wọ́n ká mi mọ́ inú okùn.” Ìbẹ̀rù tó ní ìdí ni. Ohun tí mo sọ fún un náà ni mo ń sọ fún yín: bọ́tìnnì pupa kan ló wà lẹ́nu rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ti tú, ó yá ju kéèyàn bọ́ bàtà lọ. Kí mọ́tò tó gbéra, ẹ dì í kí ẹ tú u lẹ́ẹ̀mẹ́ta láì wò ó, kí ọwọ́ mọ ọ̀nà ibẹ̀ nínú òkùnkùn. Ẹ sì tún ro èyí: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, ohun tí dírẹ́bà máa kọ́kọ́ ṣe ni kó sáré yí padà, kó gba inú igbó, kó já sí kòtò. Ẹni tí kò de bẹ́líìtì ni yóò fi orí gba òrùlé mọ́tò kí ibọn tó dún.

Àwọn aláboyún ń bẹ̀rù pé ó máa fún ọmọ. Okùn ìsàlẹ̀, abẹ́ ikùn ló ń gbà, lórí egungun ìdí, kì í ṣe orí ikùn. Tòkè á gba àárín ọmú méjèèjì kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà ń kọ́ wọn. Ìyá tí kò dè é ni yóò fi ikùn lu síìtì iwájú.

Ti ọlọ́pàá àti FRSC wá kù. Gbogbo wa ló ti rí i: bí dírẹ́bà bá ti rí wọn lọ́ọ̀ọ́kán, á fa bẹ́líìtì sáyà, á fi ìdí jókòó lé ẹnu rẹ̀, kò dì í. Bó bá ti kọjá wọn, á jù ú sílẹ̀. Owó ìtanràn ẹni tí kò de bẹ́líìtì nínú ìwé FRSC jẹ́ ₦2,000. Ti ẹni tó kó èrò jù jẹ́ ₦10,000. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìṣirò, ẹ sọ fún mi: ẹni tó kó èèyàn mẹ́rin lé e, owó tó rí lórí mẹ́rin yẹn ju ìtanràn lọ fíìfíì. Kò sí bí òfin nìkan ṣe máa tún un ṣe. Èrò ló máa tún un ṣe, nígbà tí owó ṣì wà lápò rẹ̀. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti sanwó, tí agbèrò ti já tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ò ní ẹnu mọ́. Mo wọ mọ́tò kan lọ́dún méjì sẹ́yìn, mi ò ní dárúkọ wọn, mo béèrè bẹ́líìtì lẹ́yìn tí mo ti sanwó. Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Alhaji, a dè é sídìí ẹrù.” Mo bojú wo ẹ̀yìn, òótọ́ ni, wọ́n ti gé e, wọ́n fi so jẹnẹrétọ̀ mọ́ orí irin.

Ó kan owó, kí n má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni mo fẹ́ fi ṣe, kì í ṣe iye tí wọ́n pè fún wa. Ká ní gbogbo owó mọ́tò kan jẹ́ ₦540,000. Bí èèyàn 18 bá pín in, ₦30,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ 14, ó lé díẹ̀ ní ₦38,500. Kò tó ₦9,000 tó fi yàtọ̀. Mo mọ̀ pé ₦9,000 kì í ṣe owó kékeré fún ẹni tó ń ta ata ní kọ́ńgò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ẹgbẹ́ pé kí a yọ díẹ̀ nínú owó àjọ tó wà nílẹ̀ fún àwọn tí agbára wọn ò gbé e, dípò aṣọ ẹgbẹ́ tí a fẹ́ dá. Ẹ bínú sí mi bó bá wù yín. Aṣọ á ṣì wà lọ́jà lóṣù Kìíní.

OHÙN KẸTA

Ẹ ṣeun, mo ti rí àwọn ọ̀rọ̀ yín. Ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ yẹn, mo mọ̀ pé ó máa dá ìjà sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká gbé e dé ọjọ́ Àìkú.

Àwọn tí kò ní bá wa lọ nínú mọ́tò ẹgbẹ́, tó jẹ́ pé tasha ni wọ́n máa lọ, ẹ gbọ́ bí ẹ ó ṣe yẹ mọ́tò wò. Ẹ̀yin náà kì í ra pòtétò láì tú ìsàlẹ̀ àpò wò.

Púpọ̀ nínú àwọn Hummer tó ń wọ orílẹ̀-èdè yìí, ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n lókè òkun. Kò sí síìtì lẹ́yìn wọn rí. Níbí ni wẹ́ídà ti jó irin mọ́ ilẹ̀ wọn, tí wọ́n fi fóòmù àti awọ bò ó. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ di orí síìtì mú, ẹ mì ín gidi. Bó bá ń jó, ẹ fi í sílẹ̀, bẹ́líìtì ò wúlò lórí síìtì tí yóò já tòun ti èèyàn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo bẹ́líìtì fúnra rẹ̀. Ẹ fà á jẹ́jẹ́, ó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé yín. Ẹ fà á lójijì bí ẹni já okùn ewúrẹ́, ó gbọ́dọ̀ há. Bí kò bá há, okùn àsomọ́ lásán ni. Bó bá ti hun tàbí tí etí rẹ̀ ti já, kò ní lè dúró. Àwọn kan ń ra okùn báàgì wá, wọ́n ń fi ìṣó dè é mọ́ irin láti fi tan èrò jẹ. Mo ti rí i.

Sienna tiẹ̀ dáa díẹ̀ lórí èyí, torí bẹ́líìtì ló bá dé láti ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tì í sábẹ́ fóòmù kí àyè lè gba èèyàn mẹ́rin. Ẹ ní kí wọ́n fà á jáde kí mọ́tò tó gbéra. Ẹ má sì gbà kí wọ́n fi ẹni méjì síwájú lórí síìtì ẹyọ kan, bẹ́líìtì kan ò lè di ẹni méjì. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọmọ sí inú bẹ́líìtì ara rẹ̀, kó má ṣe é rárá: bí ìfà bá dé, ara àgbà ni yóò tẹ ọmọ náà mọ́ okùn.

Lórí ọ̀rọ̀ ọmọ, mo bẹ yín, ẹ fara balẹ̀. Gbogbo ìyá ló rò pé ọwọ́ òun á di ọmọ mú. Ọmọ tó wọn kìlógíráàmù 10, bí mọ́tò bá gbá nǹkan ní 50, ó lè fa ọwọ́ yín bí ìgbà tó wọn kìlógíráàmù 150 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta ni. Alábàárù tó lágbára jù ní Katako ò lè di í mú. Kì í ṣe pé ìfẹ́ ìyá kéré, agbára apá ni kò tó. Kí ọmọ tó ti lè jókòó dáadáa ní síìtì tirẹ̀, kí okùn ìsàlẹ̀ gba orí egungun ìdí rẹ̀, kì í ṣe ikùn. Ẹni tó bá ní síìtì ọmọdé tí wọ́n ń lò nínú mọ́tò, ọlọ́kùnrin tàbí obìnrin, kó gbé e bọ̀, a máa bá yín dè é. Èyí tó wà lẹ́yìn, ẹ má jókòó tòun ti pọ̀n ọmọ. Ẹ̀yìn yín ni yóò rún un mọ́ síìtì.

Ẹrù wa ńkọ́? A mọ ara wa. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa lábẹ́ ẹsẹ̀, àpò pòtétò lójú ọ̀nà ilẹ̀kùn, sílíńdà gáàsì lẹ́yìn. Nígbà tí mọ́tò bá dúró lójijì, gbogbo wọn ni yóò fò bíi tiyín, wọn ò sì ní orí tó ń dùn wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ẹrù ńlá bá ọkọ̀ ẹrù lọ. Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ máa ń gun orí ẹrù lórí tírélà nítorí pé ẹ fẹ́ ṣọ́ tòmátò dé Mile 12, mo mọ̀ yín, mi ò ní dárúkọ. Kò sí bẹ́líìtì lórí àpò. Ẹ gba nọ́ńbà dírẹ́bà, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà mọ́tò, kí ẹ sì wọ ọkọ̀ èrò tẹ̀lé e.

Ẹ wo táyà náà. Nọ́ńbà mẹ́rin wà lára rẹ̀ tí wọ́n ká mọ́nú igun kékeré kan. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Bẹ́ ẹ bá rí 2314, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014 ni. Bó ti wù kó dán tó, ọjọ́ orí rẹ̀ ti lọ.

Dírẹ́bà kan ṣoṣo ò gbọ́dọ̀ gbé wa láti ibí dé Ìlọrin láì sinmi. Ẹ rántí àwọn eléré ìdárayá Kánò lóṣù Karùn-ún ọdún 2025. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń bọ̀, níbi ìdíje eré ìdárayá ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Wọ́n ti rin gbogbo òru, wọ́n ti kọjá Zaria, ó kù díẹ̀ kí wọ́n wọ Kánò, bọ́ọ̀sì wọn já kúrò lórí afárá. Èèyàn 22 ló kú. FRSC ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àárẹ̀ tàbí eré àsápajúdé. Láti ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti gbéra, wọ́n fẹ́ẹ̀ dé ilé. Mo ti sọ fún Alága pé dírẹ́bà méjì la máa bá san owó, kí a gbéra láàárọ̀ kùtù, bí ilẹ̀ bá sì ṣú bá wa lọ́nà, kí a sùn. Iye tí òfin ní kí bọ́ọ̀sì èrò máa sá ni 80 lójú ọ̀nà lásán, 90 lójú ọ̀nà alápá méjì. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2016 ni FRSC ti ní kí gbogbo ọkọ̀ èrò ní ẹ̀rọ tó ń dín eré kù. Ẹ béèrè bóyá ó wà níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá wọn ò tíì já wáyà rẹ̀.

Ìwé èrò tí wọ́n ń kọ ní tasha, ẹ kọ òótọ́ sí i. Mo ti rí èyí tí arákùnrin kan kọ “Olódùmarè” síbi orúkọ ẹbí tí wọ́n máa pè. Olódùmarè mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ò ní nọ́ńbà Rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó máa gbé fóònù lóru.

Bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i, ẹ pe 122, ti FRSC ni, kò gba owó. Ẹ má fi apá fa ẹni tó fara pa jáde bí ẹni fa àpò, àfi bí iná bá ń bọ̀. Ọrùn tó ti sán lè wò bí wọn ò bá yí i. Bí ilé ìwòsàn bá ní àwọn ò gbà á, pé kí ẹ lọ mú ìwé ọlọ́pàá wá tàbí kí ẹ kọ́kọ́ sanwó, ẹ dárúkọ òfin ìlera ti ọdún 2014 fún wọn. Ó ní ilé ìwòsàn kankan ò gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́.

Ẹnì kan béèrè bóyá a lè mú mọ́tò oní-18 náà, kí a kàn wọ̀ ọ́ ní 14. Mo ti bi dírẹ́bà rẹ̀. Ó gbà, ṣùgbọ́n kò sí bẹ́líìtì níbẹ̀, ìrìn mìíràn sì ń dúró dè é, kò ní àyè láti lọ fi sí i. Nítorí náà, èkejì yẹn ni mo dúró lé. Wọ́n ti fún wa títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé láti san àsansílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ nínú rẹ̀, kó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ohùn yìí, àti iye ọmọ tó máa mú dání. Ẹ kọ ọmọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ má sọ pé mo máa gbé e sẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin tí nọ́ńbà ẹbí yín ti yí padà, ẹ fi tuntun ránṣẹ́ sí akọ̀wé ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má gbé e síbí. Ó kù síìtì mẹ́sàn-án.